Ó jẹ ẹ́ o!
Ọjọ́ 9 rèé tí Oscar, ẹja tuntun tí mo ń sìn yìí, ti ń fojú mi gbolẹ̀. Mo bá ju oúnjẹ oníhóró sómi, á gbé e, á tu ú dànù bí ọmọ tí wọ́n fún lóògùn kíkorò. Ekòló nìkan ló mọ̀! Mo wá febi pa á fún ọjọ́ 3 (ẹja tára rẹ̀ le kì í tìtorí ìyẹn kú, ọkàn tèmi ló ń já). Lónìí, mo rẹ hóró 2 sínú omi edé. Ó wo hóró, ó wò mí. Gbàù! Mo ní á tu ú, kò tu ú. Ẹ̀rún oúnjẹ ń bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń rún un lọ. Mo ju èyí tí mi ò rẹ sí i, ó tún gbé e mì. Alágídí!