Ààtàn Ayé Àtijọ́ Kọ́ Nìyí

Ìyá mi ló kọ́ mi pé ibi tí ààtàn bá ti wà rí, ẹ̀fọ́ á ṣe dáadáa níbẹ̀. Òótọ́ ni. Eérú, èèpo iṣu àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló kún ààtàn ayé ìgbà yẹn.

Nígbà tí mo wá rí ilẹ̀ kan ní ẹ̀yìn Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, mo roko, mo gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú. Ẹ̀fọ́ náà tutù yọ̀yọ̀. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn, torí òjé, irin olóró tó wà nínú bátìrì ọkọ̀, lè wà nínú ewé kó má hàn lójú, kó má hàn lẹ́nu.

Lọ́dún kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá ìjọba ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ yà sí oko mi. Ó ta ọkọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdàrọ́ dúdú, ìyẹn ìdọ̀tí tó ń ṣẹ́kù tí wọ́n bá yọ́ irin, ló hú jáde. Ó ní kí n má ta ewé kan mọ́ títí wọn ó fi yẹ iyẹ̀pẹ̀ náà wò. Èsì dé: òjé ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Mo ní, “Ọmọ mi, tí mo bá fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ ńkọ́?”

“Màmá, ẹ lè fọ eruku tó lẹ̀ mọ́ ewé, ó sì dáa kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí gbòǹgbò ti fà mu, omi ò lè dé ibẹ̀. Iná ìdáná ò sì ràn án.”

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ara ọmọdé ń gbà á wọlé ní ìlọ́po 4 sí 5 ju ti àgbàlagbà lọ, ọpọlọ wọn ló sì ń bà jẹ́. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù pa ọmọ tó ju 400 lọ. Ọmọ ọmọ mi máa ń jókòó sórí ilẹ̀ oko yẹn, á máa fi ọwọ́ oníyẹ̀pẹ̀ jẹ àgbàdo. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ títí dòní.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó gbin nǹkan, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ rí. Ṣé bátìrì ni, àbí irin, àbí aró? Ẹ má sọ pé ó ti pẹ́, òjé kì í jẹrà. Tí ọkàn yín bá ń ṣiyèméjì, ewébẹ̀ àti kúkúǹdùkú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sá fún. Ilá àti tòmátì kì í sábà fa òjé tó bẹ́ẹ̀.

Mo lọ bá àwọn oníbàárà mi nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ ibi tí ẹ̀fọ́ tí mo tà fún wọn ti wá. Àwọn kan ò bá mi rajà mọ́. Inú àpò ìrẹsì ni mo ń gbin ẹ̀fọ́ sí báyìí, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tí mo ń kó láti oko ẹ̀gbọ́n mi.