Ẹ Wá Bá Mi San Ẹ̀jẹ́

Ẹ̀yin ará ilé àti ará àdúgbò mi ní Àjàṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ti ń bi ìyá mi léèrè àpá tó wà níkùn mi. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Kúùkù ni mí nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Lóṣù kẹta ọdún 2021, a kó àlìkámà láti Romania, à ń lọ sí Mombasa. Port Said ní Íjíbítì lẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń tò sẹ́yìn ara wọn kí wọ́n tó wọ odò gbígbẹ́ tó lọ já sí Suez, nǹkan bí 193 kìlómítà. Ọlọ́jà á fi ọkọ̀ kékeré ṣù bo yín bí ìgbà tí bọ́ọ̀sì bá dúró l'Ouando: ère ràkúnmí, fìlà, káàdì fóònù.

Ó ku ọ̀la kó kàn wá, lọ́jọ́ 23, la gbọ́ pé Ever Given, ọkọ̀ tó gùn tó 400 mítà, ti dábùú ọ̀nà lápá Suez lọ́hùn-ún. Atẹ́gùn líle ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó lè kọjá já. Gbogbo wa bú ọkọ̀ yẹn. Tèmi tún le, torí ẹ̀fọ́ mi ti ń rọ.

Lóru ọjọ́ 24, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, lápá ọ̀tún nísàlẹ̀. Mo rò pé ẹ̀wà ni. Nígbà tó fi dìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mi ò lè na ẹsẹ̀ mọ́. Ọ̀gá ọkọ̀ pe àwọn tó wà létíkun. Wọ́n ní àsìkò kòrónà ni, ká kọ́kọ́ fi ìwé ránṣẹ́. Ìwé! Èmi ti fi eyín di ìrọ̀rí mú.

Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó gbà. Mi ò lè gba àkàbà okùn sọ̀kalẹ̀, ni wọ́n bá dì mí mọ́ pákó bí àpò sìmẹ́ǹtì, kéréènì gbé mi, ó ń fì mí lórí omi. Níbẹ̀ ni mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí mo bá tún fojú kan Àjàṣẹ́, àgbò méjì. Ohun tó sì jáde lẹ́nu mi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, "Bìsìmìláhì" ni. (Ta ni kò ní Mùsùlùmí nílé ní Àjàṣẹ́ wa?) Ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ìsàlẹ̀ gbọ́, ó dì mí lẹ́sẹ̀ mú, kò jù ú sílẹ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Àpẹ́ńdíìsì ti bẹ́. Dókítà ní oru kan péré ló kù.

Ẹ wò ó o: ká ní ọ̀nà là ni, àárín Òkun Pupa ni inú yẹn ì bá ká mi mọ́, níbi tí kò sí dókítà nítòsí. Ọkọ̀ tí mo ń bú ló dá mi dúró sẹ́nu ilé ìwòsàn. Olúwa, mo tọrọ àforíjì.

Ọjọ́ 29 ni wọ́n tú u. Ọkọ̀ tó ti ń dúró lé ní 400. Tiwa náà kọjá, wọn ò lè dúró dè mí. Kí n tó wọ bàálù bọ̀, ojoojúmọ́ ni mò ń wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń ré kọjá sí Port Fouad, torí wọn kì í gbowó. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, títí mi ò fi dikùn mú mọ́.

Ẹ̀jẹ́ náà ti pẹ́, mo mọ̀. Àgbò kan ti wà nílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Alhaji, fún àwọn tìmọ́ṣáláṣí. Èkejì, lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, nílé ìyá mi. Èmi fúnra mi ni mo máa sè é.