Kíka kókó sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀: ibi tí iṣẹ́ dé

Àwòrán maikirosíkóòpù tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti yà, tí wọ́n sì gbé síta fún ẹnikẹ́ni láti lò, ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ àṣenọ́jú yìí. N kì í fọwọ́ kan fáírọ́ọ̀sì nílé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dán an wò. Fiji, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí a kọ́ lé ImageJ, ètò tó ń yẹ àwòrán wò, lórí, ni mo fi ń ka àwọn kókó náà (nucleus, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ń kó DNA rẹ̀ sí).

DAPI ni aró tó wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àwòrán náà. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ DNA, pàápàá níbi tí A àti T, méjì nínú lẹ́tà mẹ́rin tí a fi ń kọ DNA, bá pọ̀ sí, bí ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi nánómítà 358 bá sì bà á, yóò tan àwọ̀ búlúù padà ní nǹkan bíi nánómítà 461. Ibi yòówù tí DNA bá wà ni yóò ti tàn, ìbáà jẹ́ inú kókó tàbí ìta rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ mi ti le.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ara wọn dá kò yọ mí lẹ́nu: ọ̀nà tí Otsu gbé jáde ní ọdún 1979 ló ń ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára òkùnkùn, ọ̀nà mìíràn tí à ń pè ní watershed a sì la àwọn kókó tó fara kanra. Vaccinia ló yí i padà. Fáírọ́ọ̀sì oní-DNA ni, síbẹ̀ ìta kókó ló ti ń bí sí i. Nínú sẹ́ẹ̀lì kan tí mo sún mọ́ra, kókó rẹ̀ rí roboto, etí rẹ̀ dán, àbàwọ́n búlúù méjì tí kò mọ́lẹ̀ tó o sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí wọn rí játijàti; mo gbà pé DNA fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà ka mẹ́ta fún mi níbi tí ẹyọ kan wà.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ètò náà máa ju ohun tó bá kéré jù dànù, ṣùgbọ́n kókó sẹ́ẹ̀lì tó ń kú náà máa ń sún kì, ó sì máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, n kò sì fẹ́ pàdánù òkú nínú ìṣirò. Nítorí náà, ìtóbi àti ìmọ́lẹ̀ ni mò ń wọ̀n pọ̀ báyìí: nínú àwọn àwòrán tí mo ní, kókó tó ti sún kì máa ń mọ́lẹ̀ kọjá àwọn tó kù, ti fáírọ́ọ̀sì sì máa ń ṣókùnkùn díẹ̀. (Propidium iodide, aró mìíràn tí kì í wọ sẹ́ẹ̀lì tí awọ rẹ̀ kò tíì já, kò lè gbà mí níhìn-ín, nítorí kẹ́míkà ti pa gbogbo wọn kí a tó yà wọ́n.)

Fáírọ́ọ̀sì measles yàtọ̀ pátápátá. RNA ni tirẹ̀, kì í ṣe DNA, ṣùgbọ́n ó máa ń so àwọn sẹ́ẹ̀lì pọ̀ di ọ̀kan, tí kókó wọn yóò kó jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ inú awo. Nínú tábìlì mi, mo ti ya iye kókó sọ́tọ̀ kúrò lára iye sẹ́ẹ̀lì. Ohun tó kàn ni kí n fi àwòrán àǹtíbọ́dì tó ń fi èròjà fáírọ́ọ̀sì hàn wé àwọn àbàwọ́n vaccinia náà lọ́kọ̀ọ̀kan.