Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ta ló ń pín ráìsì níbi ìpàdé?

Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì l'Óṣogbo, láti Òkè-Bàálẹ̀ títí dé òpópónà Gbọ̀ngán, bí ìpàdé bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, obìnrin tó kéré jù níbẹ̀ lojú gbogbo wọn máa ń lọ sí: kó pín píọ̀ wọ́tà, kó gbé ike ráìsì kálẹ̀, kó tún kọ míníìtì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé. Kò sẹ́ni tó kà á sí ìyànjẹ. Àmọ́ ẹni tó ń pín oúnjẹ kì í ráyè dá sọ́rọ̀, bí àsìkò ìgbéga bá sì dé, wọ́n á ní àwọn ò mọ ohun tó lè ṣe.

Ẹ má béèrè pé "ta ló máa bá wa ṣe é?" Obìnrin náà ló máa dìde, torí bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé nìyẹn. Ẹ kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, sórí ìwé kan, ẹ kọ ọjọ́ ìpàdé sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹni tó bá kàn ló ń ṣe é, títí kan ọ̀gá. Ọkùnrin tó bá ní òun ò mọ míníìtì kọ, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa mọ̀ ọ́n.

Tí ẹ bá fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́, ẹ kọ ìbéèrè sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, kí ẹ sì bi gbogbo wọn ní ọ̀kan náà. "Ṣé ọkọ yín á gbà kí ẹ máa rìnrìn-àjò iṣẹ́?" ò sí níbẹ̀ o, àfi tí ẹ bá ń bi ọkùnrin nípa ìyàwó rẹ̀. Kí kálukú kọ máàkì tirẹ̀ kí ọ̀gá tó lanu, torí bó bá ti sọ̀rọ̀, ẹnu àwọn yòókù á tẹ̀lé e. Ẹ̀yin obìnrin tí wọ́n bá bi bẹ́ẹ̀, ẹ lè fèsì pé: "Mo lè lọ síbi tí iṣẹ́ bá gbé mi dé, sà. Ìgbà mélòó ni ìrìn-àjò náà lóṣù?"

Ti oyún ló máa ń dùn mí jù, torí òfin ti sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Abala 54 òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún aboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ á gba ó kéré tán ìdajì owó rẹ̀, ìyá ọlọ́mú sì ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ẹnu lásán ni àwọn aboyún fi ń sọ ọ́ fún ọ̀gá. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà 2, kí ọ́fíìsì buwọ́ lu ọ̀kan padà fún yín. Ilé ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kì í ṣe dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì.