Ínṣì Kan, Ẹsẹ̀ Bàtà Kan

Ọ̀pọ̀ ráńpù, ìyẹn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ ń gbà wọlé, tó wà níwájú ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù wa, ojú ayé lásán ni. Bíríkìlà da kọnkéré bo ẹ̀gbẹ́ kan àtẹ̀gùn, ó gba owó, ó lọ. Bí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ bá dá gùn ún, ẹ̀yìn ni yóò fi balẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le rárá: bí ibi tí ẹ fẹ́ gùn bá ga ní ínṣì kan, ráńpù yóò gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ínṣì 6 jẹ́ ínṣì 18, ẹsẹ̀ bàtà 18 ni ráńpù rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni onílé ti ń kígbe, torí láti ẹnu ọ̀nà dé gọ́tà lè má ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ. Ẹ má torí ìyẹn gé e kúrú. Ẹ jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ; bí ògiri kò bá gùn tó, kó yà ní igun ilé, kí ibi tó ti yà tẹ́jú ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 5.

Irú ojú ilẹ̀ títẹ́jú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè náà, níwájú ilẹ̀kùn. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá dé ẹnu ọ̀nà gan-an, ìgbà tí èèyàn bá na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ni kẹ̀kẹ́ yóò máa sá padà.

Kí ẹ tó fi róbà omi wọn gíga rẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti lẹ táìsì inú ilé. Bí ilẹ̀ inú bá ṣì máa fi ínṣì 2 ga sí i, ráńpù nílò ẹsẹ̀ bàtà 2 sí i. Ẹni tó gbàgbé èyí ló ń fi ìkọsẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Táyà kéékèèké iwájú kì í gun ohun tó bá ju ààbọ̀ ínṣì lọ dáadáa.

Kó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kí etí rẹ̀ yọ sókè ní ínṣì 4 kí táyà má bàa já bọ́, kí irin ìdìmú wà lọ́tùn-ún lósì, ní gíga ínṣì 34 sí 38. Táìsì dídán? Rárá o! Òjò kan péré ti tó. Kí sìmẹ́ńtì tó gan, ẹ fa ìgbálẹ̀ líle kọjá lórí rẹ̀ ní ìbú.

Ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀ kò tó. Ínṣì 32 ló gbọ́dọ̀ ṣófo nígbà tó bá ṣí tán. Ilẹ̀kùn irin tí kò ṣí dé ògiri máa ń jẹ nínú rẹ̀.

Òfin àwọn akàndá ẹ̀dá ti ọdún 2018, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019, fún àwọn ilé ìlò gbogbo èèyàn ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe. Àsìkò náà ti kọjá. Òṣìṣẹ́ tó bá sì fọwọ́ sí pláànù tó tàpá sí i lè san mílíọ̀nù kan náírà ó kéré tán, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2.

Ní ilé ìyàgbẹ́, kí ilẹ̀kùn ṣí síta, kí àyè ẹsẹ̀ bàtà 5 wà fún kẹ̀kẹ́ láti yí po. Àmọ́ irin ìdìmú ẹ̀gbẹ́ àwo ìyàgbẹ́ ló ń dójú tini jù. Búlọ́ọ̀kù oníhò kò lè di bóòtì mú. Ẹ fi kọnkéré dí ihò àwọn búlọ́ọ̀kù ibẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Kí ẹ sì tó sanwó iṣẹ́, ẹ ní kí bíríkìlà fúnra rẹ̀ fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ irin náà.