Iná Lọ, Òòfà Ò Lọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi mú sípánà lọ́wọ́, ó fẹ́ẹ́ wọ yàrá òòfà ńlá tí à ń tọ́jú níbi iṣẹ́ wa. Mo pariwo mọ́ ọn. Ó dúró, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti múná lọ o." Ẹ̀rín ń pa mí, ọwọ́ sì ń yún mi láti gbá a létí. Ọdún méjìlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, gbólóhùn yẹn gan-an ni mo sọ fún ọ̀gá mi lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jókòó.

Ẹ̀kọ́ kìíní. Irú òòfà tiwa kì í sùn. Wáyà inú rẹ̀ wà nínú hílíọ́mù olómi, ìyẹn afẹ́fẹ́ hílíọ́mù tí òtútù sọ di omi, tó tutù dé dígírì Celsius 269 sísàlẹ̀ òdo. Nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, iná tí a bá kó sí wáyà náà lẹ́ẹ̀kan á máa yí po lọ́dọọdún, kò ní bẹ NEPA. Kamerlingh Onnes, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ló kọ́kọ́ rí ìwà yìí lára mákúrì, ní Leiden ní Netherlands, lọ́dún 1911. Kì í ṣe gbogbo òòfà ló rí bẹ́ẹ̀ o: èyí tó wà ní Tallahassee l'Amẹ́ríkà, tó tó 45 tesla (tesla la fi ń wọn agbára òòfà), apá kan lára rẹ̀ ń mu iná mànàmáná bí ẹni mumi, bí iná bá lọ, apá yẹn á kú. Tiwa ò ju 9.4 tesla lọ, síbẹ̀ ó fi ìlọ́po tó ju 100,000 lọ lágbára ju òòfà ilẹ̀ ayé. Sípánà kì í já bọ́ níwájú rẹ̀. Fífò ló ń fò.

Ẹ̀kọ́ kejì. Náítrójìn olómi tí a fi ń mú òòfà tutù máa ń di afẹ́fẹ́, á lé ọ́síjìn jáde nínú yàrá, kò sì ní òórùn. Bí agogo tó ń kìlọ̀ pé ọ́síjìn ti dínkù bá ké, ẹ sá jáde, ẹ má padà wọlé torí fóònù.

Ẹ̀kọ́ kẹta: ẹ máa ka mítà tó ń sọ iye hílíọ́mù tó kù. Méje ni mo fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó.

Náítrójìn olómi ló yí hílíọ́mù ká, òun ló ń gba ooru kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ là ń bù ú kún. Ọdún kan, Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, náítrójìn wa tán. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, mo tún un kọ, ó ní kí n ní sùúrù, owó ò tíì jáde. Ká sòótọ́, ọkàn èmi náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Régbérégbé wa fẹ́ gbé aṣọ tuntun jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, èmi ni akápò, fìlà ò tíì pé, télọ̀ sì ń fi mí ṣeré. Hílíọ́mù wa máa ń fi 3 nínú 100 dínkù lọ́sẹ̀. Èyí tí mo kà gbẹ̀yìn jẹ́ 65 nínú 100. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo kọ 62, 59, 56 sínú ìwé àkọsílẹ̀. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ̀ lára mítà yẹn, mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo tiẹ̀ pààrọ̀ bírò, búlúù àti dúdú, kó lè jọ ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tí náítrójìn ti tán, eré ni hílíọ́mù ń sá.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń wọlé, ìbọn ń dún, fóònù mi dún. Gáàdì ibi iṣẹ́ ni. "Ọ̀gá, ilé yín ń hó o! Èéfín funfun ń tú jáde lójú fèrèsé. Ṣé kí n wọlé lọ pa á ni?" Mo ké "Má wọlé! Má wọlé!" títí ohùn mi fi há. Àwọn ẹgbẹ́ mi rò pé èèyàn mi kan ló kú.

Ohun tí à ń pè ní quench nìyẹn. Hílíọ́mù fà sẹ́yìn lára wáyà, wáyà móoru, gbogbo iná inú rẹ̀ di ooru lẹ́ẹ̀kan náà. Lítà kan hílíọ́mù olómi á di afẹ́fẹ́ tó ju 700 lítà lọ, á lé ọ́síjìn jáde nínú yàrá. Ká ní ọkùnrin yẹn ṣílẹ̀kùn ni, òkú rẹ̀ ni ǹ bá bá.

Taṣọtaṣọ ẹgbẹ́ ni mo débẹ̀. Yìnyín bo ọrùn òòfà náà. Mo na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi sí i, kọ́kọ́rọ́ ò tiẹ̀ mira.

Ọ̀gá pe ìpàdé. Ó ní ìgbà tí mo ń jó lójúde Ọba ni hílíọ́mù tí a fi dọ́là rà bá afẹ́fẹ́ lọ. Wọ́n gé owó oṣù mi fún oṣù mẹ́fà. Ẹnikẹ́ni ò béèrè lẹ́tà náítrójìn, ó sì ń dùn mí dòní. Ẹ̀dà méjèèjì wà lápò mi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣí ìwé àkọsílẹ̀ síwájú mi, 62 búlúù, 59 dúdú, 56 búlúù, mi ò lè kọwọ́ bọ àpò.