Geneva àti Nairobi: Ìfiwéra Fún Akẹ́kọ̀ọ́ Másítà Tó Ń Lọ Kọ́ Iṣẹ́ Ìdàgbàsókè Ẹ̀kọ́

Ẹni tó ń ka Másítà lórí ìdàgbàsókè ètò ẹ̀kọ́, tó sì ń wá ibi tí yóò ti ṣe ìńtánṣíìpù lókè òkun, Geneva ní Swítsálándì àti Nairobi ní Kẹ́ńyà kì í pẹ́ wọ inú ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀. Geneva ni wọ́n dá International Bureau of Education, ilé iṣẹ́ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ ètò ẹ̀kọ́, sílẹ̀ sí ní 1925, kó tó di ara UNESCO, àjọ UN (Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé) fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, ní 1969. Ní Gigiri, ní Nairobi, ni ọ́fíìsì UNESCO àti ti UNICEF, àjọ UN fún àwọn ọmọdé, tó ń bójú tó apá Ìlà-oòrùn Áfíríkà wà. Ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìpolówó iṣẹ́ jọra níbi méjèèjì: kíkó dátà jọ, kíkọ ìròyìn, jíjókòó sí ìpàdé. Ìgbé ayé ojoojúmọ́ ni kò jọra.

Owó ló yẹ kí á kọ́kọ́ sọ, torí òun ló ń dá ọ̀pọ̀ padà lójú ọ̀nà. Sẹkitéríàtì UN, ìyẹn olú iṣẹ́ àjọ náà, kì í san kọ́bọ̀ fún ìńtánì. Oṣù méjì sí mẹ́fà ni iṣẹ́ náà, ọrùn akẹ́kọ̀ọ́ sì ni owó ọkọ̀ òfuurufú, físà, ilé àti ìnṣọ́ránsì ìlera wà. ILO, àjọ UN fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ní Geneva ní tirẹ̀ ń san owó ìtìlẹ́yìn fún ìńtánì. Nítorí náà, ìlà tó sọ̀rọ̀ owó ni kí ẹ kọ́kọ́ kà nínú ìpolówó. Ní oṣù kẹjọ 2015, ìròyìn ìńtánì UN kan tó ń sun inú àgọ́ ní Geneva gba gbogbo ayé kan. Àwọn tó mọ iye tí wọ́n ń gba ilé níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yà lẹ́nu: yàrá kan ṣoṣo lè sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan fránkì lóṣù.

Owó ìdúró, ìyẹn dípọ́síìtì, tún wà lórí ilé yẹn. Òfin Swítsálándì kò gbà kí onílé béèrè ju owó ilé oṣù mẹ́ta lọ, inú àkáǹtì báńkì tó jẹ́ orúkọ ayálégbé ló sì gbọ́dọ̀ wọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi í ránṣẹ́ sínú àkáǹtì tòun kí ẹ tó fojú rí ilé, gbájúẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ a máa sá lọ sí Annemasse tàbí Ferney-Voltaire, lápá Fáránsì, níbi tí ilé ti dínwó díẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Léman Express ti ń gbé èèyàn láti Annemasse wọ Geneva láti oṣù kejìlá 2019. Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ ni pé àṣẹ ìgbélùú Swítsálándì kì í ṣe àṣẹ láti máa gbé Fáránsì. Ẹ lè ré ibodè kọjá lọ ra ẹran kí ẹ padà, ṣùgbọ́n kí ẹ gbé ibẹ̀ fún oṣù márùn-ún, ìwé mìíràn ni ìyẹn ń fẹ́.

Ní Nairobi, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wálé. Ẹ wá ibi tí ẹ óò sùn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wá lọ wo ilé fúnra yín. Ìbéèrè omi ló ṣáájú: ṣé kànga ẹ̀rọ wà ni, àbí tánkì tó ń dúró de omi ìjọba? Omi tó ń wá lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀ kì í sí lára fọ́tò ilé. Iná mànàmáná ti ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ ti àsansílẹ̀: ẹ ó sanwó láti orí M-Pesa, ètò ìsanwó orí fóònù, sí nọ́ńbà ìsanwó (Paybill) 888880, nọ́ńbà ogún yóò wọlé sórí fóònù, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú mítà. M-Pesa yìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ni wọ́n fi ń ra tòmátì, òun ni wọ́n fi ń sanwó ilé. Pásípọ́ọ̀tù ni àjèjì fi ń forúkọ síìmù sílẹ̀, torí náà ẹ ṣe é lọ́jọ́ kejì tí ẹ dé, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ìwé àṣẹ, Geneva le níwájú, ó dẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ nílò físà D, ti ìdúró gígùn, kó tó gbéra, tó bá sì ti dé, ọ̀rọ̀ ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nairobi yàtọ̀. Ètò eTA, àṣẹ ìrìnàjò orí ayélujára, tó rọ́pò físà ní oṣù kìíní 2024 rọrùn, ó sì ń tan àwọn èèyàn jẹ, nítorí àṣẹ ìwọ̀lú kì í ṣe àṣẹ iṣẹ́. Ìwé àyè mìíràn ni ìńtánì ń gbà. Bí ẹ bá tún fẹ́ lo ohun tí ẹ rí ní ilé-ìwé fún àpilẹ̀kọ Másítà yín, ẹ gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ NACOSTI, àjọ ìjọba Kẹ́ńyà tó ń fún ni láṣẹ ìwádìí. Ìwé ìfọwọ́sí láti yunifásítì yín nìkan kò tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó lọ fara hàn ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ti káńtì tí ẹ ń lọ, kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn ilé-ìwé kankan. Òfin ààbò dátà ti 2019 sì ń béèrè ìyọ̀ǹda òbí kí ẹ tó kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Ẹni tó bá dé láìtíì bẹ̀rẹ̀ ìwé wọ̀nyí, inú ọ́fíìsì ni yóò ti lo oṣù àkọ́kọ́.

Oṣù tí ẹ bá yàn náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń fi oṣù kẹfà sí ìkẹjọ sílẹ̀ fún ìńtánṣíìpù. Ní Geneva, oṣù keje àti ìkẹjọ ni àwọn ọ̀gá máa ń gba ìsinmi, ẹ ó kàn rí àga òfìfo. Ní Kẹ́ńyà, ìsinmi oṣù kẹjọ ń kó àwọn ọmọ kúrò ní ilé-ìwé, torí pé oṣù kìíní ni ọdún ẹ̀kọ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀. Fún Kẹ́ńyà, oṣù karùn-ún sí ìkeje ló dára jù.

Níbi iṣẹ́ gan-an ni ìyàtọ̀ ti dùn ún wò. Ìńtánì Geneva ń rí nọ́ńbà nínú Excel: iye ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kẹ́ńyà lọ sílẹ̀. Ó lè yára kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ń fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ìńtánì Nairobi mọ̀ pé ètò 8-4-4 (ọdún mẹ́jọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin ní girama, mẹ́rin ní yunifásítì), tó ti wà láti 1985, ti ń fi àyè sílẹ̀ fún 2-6-3-3-3, níbi tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti jẹ́ ọdún mẹ́fà, àti pé láti oṣù kìíní 2023 ni kíláàsì keje ti di ti girama kékeré. Àwọn ọmọ náà kò lọ ibì kankan. Inú ọgbà kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì jókòó sí, ọwọ̀n mìíràn ni wọ́n ń kà wọ́n sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ka akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń béèrè nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí ìbí. Ọmọ tí kò ní in wà níwájú tíṣà, kò sí nínú dátà. Ní tiwa o, ẹni tí kò tíì rí irú èyí kò yẹ kó máa kọ ìròyìn nípa rẹ̀.

Aago náà ń ṣi èèyàn lọ́nà. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni àwọn tó ń sọ Swahili ti ń ka wákàtí: aago méje àárọ̀ ni saa moja, aago mẹ́jọ ni saa mbili. Bẹ́ẹ̀, mbili ni èjì. Àjèjì tó ti kọ́ nọ́ńbà díẹ̀ yóò gbọ́ saa mbili lẹ́nu ọ̀gá ilé-ìwé, yóò dé ní aago méjì ọ̀sán, kò ní bá ẹnì kankan. Ẹ béèrè bóyá asubuhi ni, ìyẹn àárọ̀. Ní Geneva, aago mẹ́jọ ni aago mẹ́jọ, ẹ sì ti pẹ́ bí ẹ bá dé ní mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Àwọn wẹ́wẹ́ tó kù: ọjọ́ Sátidé ni kí ẹ ra oúnjẹ ní Geneva, torí ọjọ́ Àìkú ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ń tì, àfi bíi ti ibùdókọ̀ ojú irin Cornavin àti pápákọ̀. Ẹ sọ "bonjour" kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Láìsí i, ẹ ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ìkíni Kẹ́ńyà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara Yorùbá kì í sì í rí i bí ìnira. Owó matatu, ọkọ̀ akérò Kẹ́ńyà, ń gòkè bí òjò bá ti ń rọ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé. Ẹ má kó ọ̀rá ìrajà wọ Kẹ́ńyà, wọ́n ti fòfin dè é láti oṣù kẹjọ 2017.

Bí ẹ bá ń múra àtilọ, ọ̀rọ̀ owó ìdúró Geneva kò tíì parí: ìfọwọ́sí onílé àti tiyín ni báńkì ń wò kó tó tú u sílẹ̀, torí náà ẹ gba ìfọwọ́sí onílé kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ní Kẹ́ńyà, NACOSTI ń retí ẹ̀dà ìròyìn ìkẹyìn yín.